Jẹ́jẹ́ àti Ẹrù Tó Ń Mí

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí Jẹ́jẹ́ jẹ́, kó dúró wò ó níbi tó ti ń sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Àwọn awakọ̀ yòókù a fò sílẹ̀, wọn a pa ilẹ̀kùn dé gbàmù, wọn a kọrí sí ibi tí oúnjẹ wà. Òun a kọ́kọ́ pa ẹ́ńjìnnì, a jókòó sójú kan, a tẹ́tí. Ó ń gbọ́ bí àwọn tó wà lẹ́yìn ṣe ń mí. Bí mímí wọn bá lọ geerege, a sọ̀kalẹ̀, a sì ti ilẹ̀kùn bí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn yàrá ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn. Màlúù ni ẹrù rẹ̀. Láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ti dúdú kirikiri ló ti ń kó wọn láti ọgbà àwọn tó ń sìn wọ́n lọ sí ọjà, irun náà sì ti funfun báyìí.

Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pè é mọ́. Àwọn awakọ̀ ló sọ ọ́ ní Jẹ́jẹ́, wọn ò sì fi yìn ín. Wọ́n ní bí Jẹ́jẹ́ bá wà níwájú rẹ lójú ọ̀nà, kí o kúkú sọ̀kalẹ̀ kí o máa fẹsẹ̀ rìn, o ó tètè dé. Aya rẹ̀ náà a máa fi í ṣẹ̀fẹ̀ lójú àlejò: "Ẹ ò rí ọkọ tèmi? Kó tó yí ẹ̀gbẹ́ padà lórí ibùsùn, á kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn wò." Òun a rẹ́rìn-ín músẹ́. Kì í jiyàn.

Ibi tó ti kọ́ sùúrù yìí kì í ṣe ibi tó dára. Bàbá rẹ̀ ló ni ọkọ̀ náà. Sìmẹ́ńtì ló fi ń kó tẹ́lẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ sìmẹ́ńtì dáwọ́ dúró, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó màlúù, ó sì ń wa ọkọ̀ bí ẹni pé sìmẹ́ńtì ló ṣì wà lẹ́yìn. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni Jẹ́jẹ́ nígbà náà. Iwájú ọkọ̀ kò gbà ju bàbá àti oníṣòwò tó ni ẹran lọ, nítorí náà ẹ̀yìn ni Jẹ́jẹ́ ń wà, láàárín ìwo àti pátákò, tó di igi ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú. Ọdún púpọ̀ ló fi dúró níbẹ̀. Bí bàbá bá tẹ bíréèkì lójijì, gbogbo wọn ló ń dà síwájú, òun pẹ̀lú wọn. Bó bá ya kọ́nà tagbáratagbára, ẹsẹ̀ Jẹ́jẹ́ náà a máa wá ilẹ̀ tó máa tẹ̀. Ó mọ̀ pé ilẹ̀ ọkọ̀ tí ìgbẹ́ àti ìtọ̀ bá ti rin a máa yọ̀ ju ọṣẹ lọ. Ó mọ̀ pé bí ọkọ̀ bá dúró sójú oòrùn, tí àwọn ará iwájú lọ ń jẹun lábẹ́ òjìji, inú ibẹ̀ a gbóná ju ìgbà tí ọkọ̀ ń rìn lọ, nítorí kò sí afẹ́fẹ́ tó ń gba àárín igi kọjá mọ́. Ara ni ẹ̀kọ́ yìí gbà wọlé sí i, kì í ṣe etí.

Nígbà tí bàbá kú tí sítíárìn sì di tirẹ̀, bí ẹni tó ṣì dúró lẹ́yìn ló ṣe ń wà á. Ó ń da lẹ́búlẹ́bú igi tí ayùn ń tú sílẹ̀ sí ilẹ̀ ọkọ̀ kí ẹsẹ̀ wọn lè di ilẹ̀ mú. Kì í lo ọ̀pá tó ní ìṣó lẹ́nu. Àkísà kan ló ń jù fìrìfìrì lẹ́yìn wọn, wọn a sì gòkè. Bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra, kì í pẹ́ tó fi ń dúró lọ wò wọ́n, nítorí màlúù tó bá máa ṣubú, ìbẹ̀rẹ̀ ìrìn ló ti ń ṣubú, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó mọ bí ọkọ̀ ṣe ń mì.

Òun àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló jọ jogún ọkọ̀ náà. Àbúrò yìí ló ń to ẹran sínú rẹ̀, òun náà sì ní orúkọ tirẹ̀ lẹ́nu àwọn ará ọgbà ẹran: Kìíkún ni wọ́n ń pè é, nítorí ọkọ̀ kì í kún lójú rẹ̀. Bí o bá ní ó ti kún, á ní, "Ẹ jẹ́ kí n fi èjìká tì í wò ná." Kì í ṣe ìkà èèyàn. Ọmọ pọ̀ nílé rẹ̀, èyí tó kéré jù sì ń sá fún un bó bá dé, tó rò pé àlejò ni. Gbogbo ẹran tó bá rọ́nà wọ ọkọ̀ lónìí, lójú tirẹ̀, ìrìn àjò kan ló dín kù lọ́la. Yàtọ̀ sí èyí, ó ní èrò kan tí gbogbo àwọn tó ń to ẹran jọ ní, tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ ara wọn bí ẹni gba ogún: pé bí màlúù bá fún mọ́ra, wọn á di ara wọn mú, wọn ò ní lè ṣubú.

"Èrò inú ọkọ̀ tó kún kì í ṣubú, bọ̀ọ̀dá mi," a máa sọ. "Níbo ló fẹ́ ṣubú sí?"

"Èèyàn ló ń bẹ aládùúgbò pé kó sún kí òun dìde," Jẹ́jẹ́ a dá a lóhùn. "Màlúù kì í dìde bíi tìẹ. Ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ ń gbé sókè. Kó tó gbé ẹ̀yìn, ó gbọ́dọ̀ na ọrùn síwájú, kó fi orí ju ara rẹ̀ sókè. Bí kò bá sí àyè níwájú rẹ̀, ibẹ̀ ló máa wà tí wọn á fi tẹ̀ ẹ́ pa."

"Ṣé kí n wá tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún wọn?"

"Bó o bá rí èyí tó gùn tó, tẹ́ ẹ."

Báyìí ni wọ́n ṣe ń bá a lọ, ọdún dé, ọdún lọ. Kìíkún kò dúró sí ẹ̀yìn ọkọ̀ rí. Nígbà tó fi máa dàgbà tó ẹni tó ń bá ọkọ̀ lọ, àyè ti wà fún un níwájú.

Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan. Òun ló tọ́ àwọn méjèèjì lẹ́yìn tí ìyá wọn kú, nítorí náà Ìyá ni wọ́n ń pè é. Opó ni, màlúù kan ṣoṣo ló sì ní, abo pupa tí ìwo rẹ̀ apá òsì tẹ̀ wálẹ̀. Àlejò ló sọ ọ́. Ọjọ́ tó mú un wálé, ó ní fúngbà díẹ̀ ni, kí òun fi rí ẹni tó máa rà á. Àlejò bí ọmọ lé ọmọ, wàrà rẹ̀ ni Ìyá fi tọ́ ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí, kò sì sẹ́ni tó tún gbọ́ ọ̀rọ̀ títà lẹ́nu rẹ̀ mọ́. "Àlejò tó ti fẹ́ kọ́lé," ni Kìíkún ń pè é.

Nígbà tí orúnkún Ìyá kò gbé e dé ibi tó ti ń pọn omi mọ́, ọmọ rẹ̀ ní kó wá máa bá òun gbé. Ìlú ibẹ̀ jìnnà, ṣùgbọ́n koríko wà lẹ́yìnkùlé. Ìyá gbà, ó fi ọ̀rọ̀ kan lé e: bí Àlejò kò bá dé, òun náà kò ní dúró, òun á padà sílé òun, kí orúnkún máa ṣe tirẹ̀. Àwọn tó mọ Ìyá mọ̀ pé kì í fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dẹ́rù ba ènìyàn. Ó ń sọ ohun tó máa ṣe ni.

Kó tó wọ ọkọ̀ èrò lọ ṣáájú, ó pe Jẹ́jẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Àlejò kò gbọ́ èdè ọkọ̀ rí láyé rẹ̀," ó ní. "Ìwọ lo máa bá mi túmọ̀ rẹ̀ fún un."

"Mo ti gbọ́, Ìyá."

"Máà jẹ́ kó dúbúlẹ̀."

Jẹ́jẹ́ wá oníṣòwò kan tí ẹran rẹ̀ ń lọ sí apá ibẹ̀. Ó fi pákó dá yàrá kékeré kan sí iwájú ẹ̀yìn ọkọ̀, tó fi ara ti ibi tí awakọ̀ ń jókòó, níbi tí ọkọ̀ kì í ti í mì púpọ̀. Àlejò nìkan ni yóò wà níbẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ó wo bíréèkì ọkọ̀, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó gbéra lọ wá mẹkáníìkì lẹ́sẹ̀, ó fi títo ẹran sínú ọkọ̀ sílẹ̀ fún àbúrò rẹ̀.

Nígbà tí òun àti mẹkáníìkì fi máa dé, ọkọ̀ ti kún dẹ́nu ọ̀nà. Oníṣòwò mú ẹran wá ju iye tí wọ́n jọ sọ, Kìíkún sì tú pákó yàrá Àlejò kúrò kí wọ́n lè wọlé. Àlejò wà lọ́hùn-ún níwájú, ìwo rẹ̀ tó tẹ̀ nìkan ni Jẹ́jẹ́ rí.

"Ta ló ní kí o tú pákó?"

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ wò ó, bó ṣe fún yìí, bó tiẹ̀ fẹ́ ṣubú, kò lè ṣubú. Wọ́n ti dì í mú fún yín lápá ọ̀tún, wọ́n dì í mú lápá òsì. Ìyàwó kì í rí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀."

Oníṣòwò ń wo ojú ọ̀run. Oòrùn ti ń gòkè. Jẹ́jẹ́ rò ó lọ, ó rò ó bọ̀. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n tún tú wọn sílẹ̀, kí wọ́n tún tò wọ́n, ọ̀sán gangan ni yóò ká wọn mọ́ ojú ọ̀nà, ooru ọ̀sán sì ń pa màlúù inú ọkọ̀ ju ìfúnpọ̀ lọ. Nínú ibi méjì, ó mú èyí tó rò pé ó kéré. Mẹkáníìkì tún bíréèkì ṣe, oníṣòwò wọ ọkọ̀ èrò lọ sí ọjà ṣáájú, tẹ̀gbọ́n tàbúrò sì gbéra.

Ó dúró lẹ́yìn ìrìn díẹ̀ bí ìṣe rẹ̀, ó gun ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó wò wọ́n. Àlejò dúró. Ojú rẹ̀ là gbàgà, imú rẹ̀ gbẹ. Jẹ́jẹ́ bá a sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀.

Ìgbà tí wọ́n ti gun òkè kan tán tí wọ́n sì ń sọ̀kalẹ̀ ni etí rẹ̀ gbọ́ ohun kan. Ẹsẹ̀ ni, àwọn pátákò tó ń kù gìrìgìrì lójú kan ṣoṣo lẹ́yìn orí rẹ̀, bí ti àwọn tó ń wá ibi tí wọ́n máa tẹ̀ tí wọn ò rí. Ó fi ọkọ̀ sí ẹ̀bá ọ̀nà. Ó gòkè. Kò rí ìwo tó tẹ̀ mọ́.

"Ó ti ṣubú," ó ní.

Kìíkún gun apá kejì, ó fi ojú wá a láàárín ẹsẹ̀ àwọn yòókù. Àlejò wà nílẹ̀, ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, orí rẹ̀ fún mọ́ irin iwájú. Kìíkún bẹ̀rẹ̀ sí í wá okùn. "Ẹ jẹ́ ká lọ́ ìrù rẹ̀. Ẹ fa ìwo, kí n lọ́ ìrù, á dìde."

"Kó dìde sí ibo?" Jẹ́jẹ́ kò gbé ohùn sókè. "Fi ibẹ̀ hàn mí."

Kìíkún wo ọkọ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ó dá wíwá okùn dúró.

Wọn ò lè tú ẹran sílẹ̀ sójú ọ̀nà tí ọkọ̀ ń kọjá. Ṣùgbọ́n Jẹ́jẹ́ mọ ilé ìlapákó kan níwájú, kò jìnnà. Wọ́n mọ ọgbà yí i ká, òkìtì erùpẹ̀ kan sì wà níbẹ̀ tó ga dọ́gba pẹ̀lú ilẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀, tí wọ́n ti ń yí gẹdú wọnú ọkọ̀. Bí ẹran bá jáde sórí òkìtì, wọ́n kàn máa rìn sọ̀kalẹ̀ wọnú ọgbà ni. Ohun tó kù ni bí Àlejò ṣe máa wà láàyè dé ibẹ̀.

"Wọ ẹ̀yìn," ó sọ fún àbúrò rẹ̀. "Lọ dúró lé e lórí, kí wọ́n má tẹ̀ ẹ́."

"Èmi?"

"Ṣé kí n fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún ọ kí n lọ ni?" Kìíkún kò mọ ọkọ̀ wà, àwọn méjèèjì ló mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó gba orí igi ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ wọlé, ó já sáàárín wọn. Jẹ́jẹ́ gbéra, ó ń wà á bí ẹni tó gbé ẹyin sáàárín itan. Ó ń gbọ́ ohùn àbúrò rẹ̀ lẹ́yìn. Lákọ̀ọ́kọ́, èébú ni: "Sún! Ìwọ oníwo gbọọrọ yìí, ṣé ilé bàbá rẹ nìyí?" Lẹ́yìn náà, èébú di ẹ̀bẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró." Wọ́n ya kọ́nà kan tí kò tilẹ̀ le. Ohùn dákẹ́. Lẹ́yìn náà ọwọ́ lu irin lẹ́yìn orí Jẹ́jẹ́.

"Bọ̀ọ̀dá mi. Ẹ rọra."

Ọmọdé tó ń rìn lẹ́bàá ọ̀nà ti ń yára jù wọ́n lọ.  Síbẹ̀, Jẹ́jẹ́ tún dín eré kù.

Kò sí iṣẹ́ ní ilé ìlapákó lọ́jọ́ náà. Bàbá arúgbó tó ń ṣọ́ ọ jáde síta, ó fi ọwọ́ méjèèjì di géètì mú. Jẹ́jẹ́ kí i, ó sì ṣàlàyé fún un. Bàbá náà gbọ́ ọ tán.

"Igi là ń gbà síbí," ó ní. "Igi kì í ṣu."

"A ó kó o, bàbá."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Èèpẹ̀ abẹ́ rẹ̀ náà, bí ẹ bá fẹ́."

Bàbá náà wo ẹ̀yìn ọkọ̀, ó rí ènìyàn tó rọ̀ mọ́ igi láàárín àwọn ìwo, tí òógùn ti fọ̀ ọ́ lójú. "Ìyẹn náà, ṣé títà ni?" ó béèrè, ó sì ṣí géètì.

Wọ́n fi ìdí ọkọ̀ ti òkìtì, wọ́n sì jẹ́ kí ẹran máa jáde fúnra wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Jẹ́jẹ́ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pariwo. Bí wọ́n ṣe ń rí ilẹ̀ ni wọ́n ń sọ̀kalẹ̀, wọ́n ń na ọrùn, wọ́n ń lọ sí ibi agbada irin ńlá kan tí wọ́n ń fi gba omi òjò. Nígbà tí ọkọ̀ ṣófo, Àlejò nìkan ló kù nílẹ̀, Kìíkún sì ṣì dúró lé e lórí pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó yà gàgà, bí afárá. Ṣòkòtò rẹ̀ ti ya lórúnkún, ẹ̀jẹ̀ sì ń jáde lójúgun rẹ̀. Ó ní, "Ó ń mí." 

Wọ́n yí Àlejò kúrò lórí ẹ̀gbẹ́, wọ́n jẹ́ kó fi àyà lélẹ̀, wọ́n sì da lẹ́búlẹ́bú igi gbígbẹ síwájú rẹ̀. Jẹ́jẹ́ fi ọwọ́ bu omi sí i lẹ́nu. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan, èyí tó fi sùn lé, ti kú tipiri. Kìíkún jókòó tì í, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra ẹsẹ̀ náà sókè sódò, kò sì sẹ́ni tó ní kó ṣe é.

Fóònù Jẹ́jẹ́ dún. Oníṣòwò ni, ó ti wà lọ́jà.

"Níbo lẹ dé?"

"A dúró. Màlúù kan ṣubú."

"Ẹ lọ́ ìrù rẹ̀ kẹ́ ẹ máa bọ̀."

"Kò ní rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ó rí púpọ̀ nínú tiyín kí ọjà tó tú. Àwọn tó kù á tẹ̀ lé e."

"Àwọn tó kù báwo? N ó wá ẹlòmíràn tí á máa kó ẹran mi."

"Tiyín ni ẹran," Jẹ́jẹ́ ní, "ẹ lè gbé e fún ẹni tó wù yín." Ó fi fóònù sápò. Ó mọ̀ pé kì í ṣe ojoojúmọ́ ni èèyàn ń rí irú oníṣòwò bẹ́ẹ̀.

Òjìji òrùlé ilé ìlapákó ti sún dé orí ọkọ̀ kí Àlejò tó ṣe ohunkóhun. Ó mí kanlẹ̀. Ó na ọrùn síwájú, jìnnà, ó fi orí ju ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀yìn rẹ̀ gbéra díẹ̀, ó tún padà sílẹ̀. Kìíkún fẹ́ sún mọ́ ọn. Jẹ́jẹ́ na ọwọ́ dí i lọ́nà. Màlúù náà tún na ọrùn, gbogbo gígùn ara rẹ̀ ló fi nà án, ẹ̀yìn rẹ̀ gòkè, orúnkún iwájú tẹ̀ lé e. Ó dìde. Ó dúró tìkọ̀tìkọ̀, ó ń gbé ẹsẹ̀ tó kú náà sókè, ó ń gbé e sílẹ̀, bí ẹni tó ń wò ó bóyá tòun ni.

Kìíkún wo àyè tí Àlejò lò níwájú kó tó dìde. Ó fi ìṣísẹ̀ rẹ̀ wọ̀n ọ́n, ó tún wọ̀n ọ́n padà.  Nígbà tí wọ́n tún fẹ́ to àwọn yòókù sínú ọkọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló dá wọn dúró kí ọkọ̀ tó kún.

"Ó tó," ó ní.

"Àwọn wọ̀nyí ńkọ́?" Jẹ́jẹ́ bi í.

"Èmi àti Àlejò á máa ṣọ́ wọn títí ẹ ó fi padà. Ìgbẹ́ náà sì wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ kó." Ó nu ojú. "N kò sọ pé ẹ jàre o, bọ̀ọ̀dá mi."

"Ta ló bi ọ́?" ni Jẹ́jẹ́ dáhùn, ó sì wọ ọkọ̀.

Ó kó ẹran dé ọjà. Oníṣòwò kò kí i, ṣùgbọ́n ó kà wọ́n, ó wo ara wọn, kò rí èyí tó fara pa nínú wọn, kò sì tún sọ pé òun á wá ẹlòmíràn. Láti ibẹ̀, Jẹ́jẹ́ ya ilé ọmọ Ìyá, kó lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un lójúkojú. Ìyá gbọ́ ọ títí dé òpin. Ó dìde, ó mú ìborùn.

"Ìyá, níbo?"

"Ṣé àyè ò sí níwájú ni?"

Nígbà tí wọ́n fi máa dé ilé ìlapákó, oòrùn ti rọ̀. Kìíkún ti gbá ọgbà mọ́ débi pé bàbá arúgbó ń sọ pé kó wá máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ìyá kọjá lára wọn, ó lọ bá Àlejò. Ó fi ọwọ́ pa á lọ́rùn, ó tẹ̀ ẹ́ ní ìhà, ó fi ìrora bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wo ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ojúgun Kìíkún.

"Ta ló tẹ̀ ọ́ báyìí?"

"Gbogbo wọn ni, Ìyá. Èmi ni mo dúró sọ́nà wọn."

Ìyá fi ọwọ́ kan èjìká rẹ̀. "O ṣeun," ó ní.

Àwọn ẹran oníṣòwò tó kù gòkè wọnú ọkọ̀ láìjanpata. Ó kan Àlejò. Ó rìn dé orí òkìtì, ó dé ẹnu ọ̀nà ọkọ̀, ó dúró gbọn-in. Àkísà Jẹ́jẹ́ kò ṣí i. Ó mọ ohun tó wà nínú ibẹ̀ báyìí, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé ó jẹ̀bi. Kìíkún wo ojú ọ̀run.

"Ìyá, ilẹ̀ fẹ́ ṣú o."

"Jẹ́ kó ṣú. Ta ló ń lé wa?"

Ìyá wọ inú ọkọ̀ fúnra rẹ̀, ó di pákó ẹ̀gbẹ́ mú, ó dúró sí àárín àyè tí wọ́n fi sílẹ̀. Kò pe màlúù náà. Ó kàn dúró síbẹ̀ lórí orúnkún rẹ̀ tí kò dáa. Jẹ́jẹ́ jókòó sórí gẹdú kan, Kìíkún jókòó tì í. Lẹ́yìn ìgbà pípẹ́, Àlejò rẹ imú sílẹ̀, ó gbóòórùn ilẹ̀ ọkọ̀, ó gbóòórùn etí aṣọ Ìyá. Ó gbé ẹsẹ̀ iwájú kan sí i, ó yọ ọ́ padà, ó tún gbé e sí i. Ó fi èkejì tì í. Kò sẹ́ni tó mira títí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn fi wọlé.